Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Béèrè: Bọ́ládé, Kòrónà Àti Owó Ọkọ̀ Yunifásítì

Àjàkálẹ̀-àrùn Kòrónà ti kúrò nínú ìròyìn, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò nínú ìgbésí ayé àwọn tí ó bá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní ìparí ọdún 2019 fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2020, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, gùn lé ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́sẹ̀ méjì. Kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé, ìjọba ti ní kí àwọn ilé-ìwé tì nítorí àrùn náà. Nígbà tí ó sì pé, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, ASUU sọ ìkìlọ̀ di ìyanṣẹ́lódì aláìnígbèdéke. Ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko. Kò pé oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn rẹ̀ tí òmíràn tún bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, kò sì parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Oṣù mẹ́tàdínlógún ni ó bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà láìjẹ́ pé ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò kankan.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà dá lórí ilé tí ó ti wá. Ọmọ olówó ti kọjá sí yunifásítì aládàáni, tàbí kí ó ti gba ìwé ìrìnnà lọ sí òkè òkun. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń pàtẹ ní Bọ́ládé, Òṣòdì, kò ní ibòmíràn tí yóò lọ. Ó padà sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ Bọ́ládé yóò rò pé ibùdókọ̀ lásán ni. Ẹ̀bá òpópónà Agege Motor Road ni ó wà, ọkọ̀ ojú irin ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, èrò kì í sì í dá níbẹ̀ láti ìdájí títí di òru. Àwọn tí ó ń ṣòwò ní agbègbè náà ti mọ bí a ṣe ń kó ẹrù sá bí ìjọba bá dé. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, ìjọba Babátúndé Fáṣọlá palẹ̀ àwọn oníṣòwò ojú títì Òṣòdì mọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016, ìjọba Akínwùnmí Ambọdé wó ọjà Owonifari, wọ́n sì ní kí àwọn tí ó ń tajà níbẹ̀ kó lọ sí ọjà Isopakodowo ní Bọ́ládé. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí oníbàárà tuntun ni nígbà tí ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2020 dé, tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú pàṣẹ pé kí gbogbo ọjà tì, àyàfi ti oúnjẹ, oògùn àti àwọn kòṣeémánìí. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, kónílé-ó-gbélé dé láti Abuja. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ń ta bàtà, aṣọ tàbí àpò ti jẹ owó ọjà rẹ̀ tán kí ó tó di ìgbà náà. Owó ọjà yẹn kan náà ni owó ilé-ìwé.

Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí wà nílé, wọn kò sùn. Àwọn kan ń ṣe kọ́ńdọ̀ ọkọ̀ danfo, àwọn kan ń jókòó ti ẹ̀rọ POS, àwọn mìíràn kọ́ ìtúnṣe fóònù, ìránṣọ tàbí irun ṣíṣe. Ohun tí ó dára ni kí ọmọ mọ iṣẹ́ ọwọ́, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 21 tí ó ti ń rí owó lójoojúmọ́, tí ìyá rẹ̀ ti ń gbára lé owó náà láti fi ra gàrí, kò ní ṣàdédé fi í sílẹ̀ nítorí pé ẹgbẹ́ olùkọ́ àti ìjọba ti bọ ara wọn lọ́wọ́ ní Abuja. Gbólóhùn ‘school na scam’ gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Àwọn àgbà bínú sí i, wọ́n ní ọ̀lẹ ni ó ń dá wọn láàmú. Ó yẹ kí àwọn àgbà náà kọ́kọ́ ka oṣù tí ó ṣòfò kí wọ́n tó dájọ́.

Wọ́n ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò tún ohun gbogbo ṣe. Ní àárín oṣù Keje ọdún 2021, nígbà tí ìgbì kẹta àrùn náà dé Èkó, Yunifásítì Èkó ní Akọka, UNILAG, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó jáde ní ilé gbígbé wọn láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, ó sì gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlera ni àwọn aláṣẹ rò, kò sì sí ẹni tí ó lè dá wọn lẹ́bi pé wọ́n bẹ̀rù ikú. Ṣùgbọ́n kí ni ó dúró de ọmọ náà nílé? Yàrá kan lẹ́yìn ọjà, ènìyàn mẹ́fà nínú rẹ̀, iná mànàmáná tí kò sí, fóònù kan tí àwọn àbúrò náà ń dù, àti dátà tí ó ń tán kí olùkọ́ tó délẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ó jókòó sí Lẹ́kí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ amúnáwá wà nínú kíláàsì kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ìdánwò kan náà ni wọ́n sì jọ ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni ọdún 2023 dé. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí kò tó ₦200 ní Èkó di ₦488 láàárín ọjọ́ méjì. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦1,000. Ọdún 2023 yẹn náà ni UNILAG gbé owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti wà nílé-ìwé ń san láti ₦19,000 lọ sí ohun tí ó ju ₦100,000 lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìwọ́de ní oṣù Kẹsàn-án, ilé-ìwé sì yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Díẹ̀ ni lóòótọ́.

Èkó ti rí irú èyí rí. Ní ọdún 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé owó tí àwọn tí ó ń wọlé tuntun ń san ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, láti ₦25,000 lọ sí láàárín ₦193,750 àti ₦348,750. Àwọn tí ó ń wá ibẹ̀ dínkù, àríwísí kò sì dáwọ́ dúró, títí ìjọba Fáṣọlá kan náà fi dá owó náà padà sí ₦25,000 ní ọdún 2014. Ọdún mẹ́ta ni ó gbà kí wọ́n tó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹni tí kò rí owó san ní àárín ọdún mẹ́ta yẹn kò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Ìdáhùn tí ìjọba àpapọ̀ mú wá fún ti àsìkò yìí ni ẹ̀yáwó. Òfin àkọ́kọ́ tí Tinúbú buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 kò ṣeé lò. Ó ní ìdílé tí owó tí ń wọlé fún un bá ju ₦500,000 lọ lọ́dún kò lè jàǹfààní rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bí bàbá àti ìyá bá ń gba owó oṣù tí ó kéré jù lọ nígbà náà, ₦30,000, wọ́n ti kọjá iye yẹn. Wọ́n tún un ṣe. Òfin tuntun jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NELFUND sì ṣí ojú-òpó ìforúkọsílẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sí àpò ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè gba ₦20,000 lóṣù láti fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ó bá sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀ ni sísan rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun rere ni, ẹni tí ó bá sọ pé kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ń purọ́.

Ṣùgbọ́n ₦20,000 kò tó ₦1,000 lójúmọ́ fún ẹni tí ó ń lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ 22 nínú oṣù. Kí ẹni tí ó máa ń wọ ọkọ̀ láti Òṣòdì sí Mile 2, tí ó tún ń wọ òmíràn láti Mile 2 sí Ìyànà-Ìbà, ṣírò àlọ àti àbọ̀, kí ó wá wò ó bóyá kọ́bọ̀ kan ṣẹ́kù fún ìrẹsì. Gbèsè sì ni: owó danfo ti òní ni ọmọ náà yóò máa san nígbà tí ó bá di òṣìṣẹ́. Ní ọdún 2025, ẹ̀sùn tún jáde pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ti gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n tún gba ti NELFUND lé e, wọn kò sì tètè dá ti àkọ́kọ́ padà. Àjọ ICPC ní àwọn ń wádìí rẹ̀. Ìyá tí ó ti yá owó nínú ẹgbẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tó lè forúkọ sílẹ̀ ni ó ń san èlé lórí ìdádúró yẹn.

Ohun kan sì wà tí ẹ̀yáwó kò lè ṣe rárá: kò lè béèrè ọmọ. Nínú ọjà, alájọ máa ń kọjá lójoojúmọ́ pẹ̀lú káàdì rẹ̀. Bí oníṣòwò kan kò bá dá owó fún ọjọ́ mẹ́ta léra, alájọ yóò dúró, yóò béèrè: ṣé ara yá, ṣé ọjà ni kò tà, ṣé ọmọ ni kò gbádùn? Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ni ó mú un béèrè, oúnjẹ òun náà wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè pa kíláàsì jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí ẹni tí yóò pè é. Orúkọ rẹ̀ yóò ṣì wà nínú ìwé. Nígbà tí èsì ìdánwò bá jáde tí kò sí máàkì níwájú orúkọ náà ni ilé-ìwé yóò tó mọ̀, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó fìdí rẹmi.

Lóòótọ́, àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ máa ń yan olùdámọ̀ràn fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ jù lọ ni fífi ọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Olùkọ́ ni òun náà, akẹ́kọ̀ọ́ rẹpẹtẹ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìjọba dá owó oṣù mẹ́jọ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ dúró ní ọdún 2022, wọ́n ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbowó. Oṣù mẹ́rin nínú mẹ́jọ náà ni Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 pé kí wọ́n san. Ẹni tí ó ń wá owó ilé fúnra rẹ̀ kò ní tètè rántí ẹni tí kò wá sí kíláàsì.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn jọ ti ọmọ Bọ́ládé jù lọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Látìnò, ìyẹn àwọn tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò, Puerto Rico àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípáníìṣì. Púpọ̀ nínú wọn ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nínú ẹbí, púpọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Òfin ibẹ̀ mọ̀ wọ́n: ní ọdún 2020, ilé-ẹ̀kọ́ tí Látìnò bá tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè gba owó ìrànwọ́ pàtàkì. Nígbà tí Kòrónà dé, òfin CARES tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2020 ya nǹkan bí bílíọ̀nù 14 dọ́là sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì pàṣẹ pé, nínú ìpín tí ó pọ̀ jù nínú owó náà, ìdajì ó kéré tán gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún oúnjẹ, ilé àti ẹ̀rọ ìkẹ́kọ̀ọ́. Nàìjíríà kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí Èkó wò ni èyí tí kò gba bílíọ̀nù.

Ní ọdún 2007, City University of New York, tí ó jẹ́ ti ìjọba, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ASAP ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ọlọ́dún méjì, níbi tí ọmọ Látìnò àti ọmọ aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí. Wọ́n dí àlàfo owó ilé-ìwé tí ó bá ṣẹ́kù, wọ́n ṣètò ìwé kíkà, wọ́n sì yan olùdámọ̀ràn tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò pọ̀ jù, tí ó ń rí wọn léraléra. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni yóò ya onídanfo Òṣòdì lẹ́nu: wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní káàdì ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì lóṣooṣù, ẹni tí kò bá sì kópa nínú ètò náà bí ó ti yẹ kò ní rí i gbà. Àjọ olùwádìí MDRC pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà méjì bí ẹni ṣẹ́ gègé, wọ́n fi apá kan sínú ètò náà, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn apá àkọ́kọ́ ti gba ìwé-ẹ̀rí. Ìdá 22 ni ti apá kejì. Owó tí wọ́n ná lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pín owó náà fún iye àwọn tí ó gba ìwé-ẹ̀rí, ó dín sí ti àwọn tí wọn kò ràn lọ́wọ́. Ní Georgia State University ní Atlanta, láti ọdún 2011, ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni ó ń wá àwọn tí gbèsè kékeré fẹ́ lé jáde, tí ó sì ń san án kí wọ́n tó lọ.

Iṣẹ́ alájọ ni gbogbo èyí. Àwọn ará New York kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Àwọn kan yóò ní ìkẹ́bàjẹ́ ni, pé ẹsẹ̀ ni àwọn fi rin lọ sí ilé-ìwé ní ìgbà tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ sùn ní ilé gbígbé yunifásítì, wọ́n sì jẹ oúnjẹ tí ìjọba ti san púpọ̀ nínú owó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi kún owó oúnjẹ ní ọdún 1978, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kárí orílẹ̀-èdè dìde nínú ìwọ́de tí wọ́n ń pè ní ‘Ali Must Go’, ẹ̀mí sì bọ́, títí kan ti Akíntúndé Òjó, akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG. Ìran tí ó jà nítorí owó oúnjẹ kò yẹ kí ó máa sọ fún ọmọ tí kò rí owó wọ ọkọ̀ pé kí ó mú ọkàn le.

Àwọn olóṣèlú náà ní ẹ̀bi tiwọn. Wọ́n fẹ́ràn láti máa pín fọ́ọ̀mù JAMB lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Ẹnu ọ̀nà ni JAMB. Ọmọ tí ó ti dé ọdún kẹta, tí owó díẹ̀ kù kí ó tó lè jókòó ṣe ìdánwò, kò ní ẹni tí yóò bá a ya fọ́tò. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ lè dá àpò kékeré kan sílẹ̀ fún irú gbèsè yìí, kí ó sì máa san án sí ilé-ìwé láìgba ọwọ́ olóṣèlú kankan kọjá. Orúkọ àwọn tí ó jẹ gbèsè wà lọ́wọ́ ilé-ìwé, kò sí ẹni tí yóò máa wá wọn kiri.

Ti owó ọkọ̀ tilẹ̀ rọrùn jù lọ fún Ìpínlẹ̀ Èkó. Wọ́n ṣí ọkọ̀ ojú irin Red Line ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2024, èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Láti Agbádó sí Oyíngbò ni ó ń lọ, ó ń dúró ní Òṣòdì, ó sì ń dúró ní Yábàá. Ọmọ Bọ́ládé tí ó ń lọ sí Yabatech tàbí Akọka lè bá a lọ. Ọmọ tí ó ń lọ sí Òjó ni ìyà rẹ̀ pọ̀, nítorí Blue Line tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ń lọ láti Marina dé Mile 2 ni, apá kejì tí yóò dé Òkòkòmáíkò ṣì kù. LASU fúnra rẹ̀ kò ní ilé gbígbé fún akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà rẹ̀ ní Òjó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ilé ni àwọn ọmọ náà ti ń wá lójoojúmọ́, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Mile 2.

Ìjọba Sanwó-Olú ti fi hàn pé owó ọkọ̀ ṣeé dín. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí epo wọ́n, ó dín owó ọkọ̀ sí ìdajì fún gbogbo èrò tí ó bá wọ ọkọ̀ ìpínlẹ̀. Gbogbo èrò ni, àti olówó àti mẹ̀kúnnù, kò sì lè pẹ́ nítorí ó gbówó lórí. Bí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni, ní ọjọ́ tí ilé-ìwé wà nìkan, owó náà yóò kéré sí i púpọ̀. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ náà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣeé so mọ́ ọn. Àǹfààní mìíràn sì tún wà nínú rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá gbà pé kí wọ́n máa wò ó: káàdì tí wọn kò tẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́ yóò jẹ́ kí olùdámọ̀ràn mọ ẹni tí ó yẹ kí ó pè, kí ó tó di pé ọmọ náà ti gba iṣẹ́ kọ́ńdọ̀ lábẹ́ afárá. LASU àti LAMATA, tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní Èkó, wà lábẹ́ gómìnà kan ṣoṣo. Kò sí òfin tuntun tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní láti ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LASU ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀.